Àpò omi inú ehoro: ìdáhùn rèé, kí n pa ọ̀rọ̀ yìí dé

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: mo béèrè nípa àwọn àpò omi kéékèèké, bíi hóró ẹ̀wà, tó rọ̀ mọ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀ ehoro tí à ń pa fún ajá láti jẹ ní tútù. Ọmọ aràn pẹlẹbẹ (tapeworm) ni. Ẹ gbé ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ààmì funfun kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Orí aràn nìyẹn. Kókó funfun tó wọnú ẹ̀dọ̀ lọ, tó ń ṣe ọyún, yàtọ̀: coccidiosis nìyẹn, àrùn ehoro tí kòkòrò tí ojú kò lè rí ń fà, kì í ran ajá.

Ajá fúnra rẹ̀ ló ń kó aràn yìí ran ehoro. Ẹyin á bá ìgbẹ́ ajá jáde, á lẹ̀ mọ́ koríko, ehoro á jẹ ẹ́, ajá á tún jẹ ìfun ehoro. Nítorí náà, ibi tí ajá kì í dé ni kí ẹ ti máa gé koríko. Ẹ sun ìfun tó ní àpò. Ẹran tó kù, ọjọ́ 10 nínú fírísà tó tutù dé −20°C. Bí iná bá lọ tí ẹran yọ́, ẹ tún ọjọ́ kà láti orí ení. Ibi yìnyín inú fíríìjì kékeré kì í tutù tó bẹ́ẹ̀.

Fún ajá, oògùn aràn praziquantel ni, mílígíráàmù 5 fún kílò kan: ajá kílò 20, mílígíráàmù 100. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, ẹ má fojú díwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló ń ra pyrantel nìkan, tí kì í pa aràn pẹlẹbẹ rárá. Ẹ tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, kí aràn tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin.