Èsì PhD nínú humanities (ẹ̀kọ́ bí ìtàn, lítíréṣọ̀ àti irú wọn) ní Amẹ́ríkà: àwọn kan ti fọhùn, àwọn kan dákẹ́. Kí ni ṣíṣe báyìí?

ÌwéÀtijọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Yunifásítì 9 ni mo kọ̀wé sí ní Amẹ́ríkà fún PhD, 6 nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, 3 nínú lítíréṣọ̀. Gbèdéke wọn bẹ̀rẹ̀ láti December 1 títí dé January 5. February 17 la wà yìí, bí nǹkan sì ṣe rí nìyí: ọ̀kan kọ̀, ọ̀kan fi orúkọ mi sí waitlist (ìlà àwọn tó ń dúró bóyá àyè á ṣí), ọ̀kan ní àyè PhD ò sí ṣùgbọ́n mo lè wá ṣe Master's, wọn ò sì dárúkọ owó kankan. Àwọn 6 tó kù ò tíì sọ nǹkan kan. Nínú àwọn 6 yẹn, portal ọ̀kan, ìyẹn ojú ìkànnì tí mo ti ń wo bí fọ́ọ̀mù mi ṣe ń lọ, ṣì ń sọ pé lẹ́tà ìjẹ́rìí 2 ló wọlé dípò 3.

Ṣé kí n kọ̀wé sí àwọn tó dákẹ́ ni àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀? Kí ni waitlist jẹ́ gan-an, ǹjẹ́ ohun kan wà téèyàn lè ṣe sí i? Master's yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

ÀkàỌ̀rọ̀

Ẹ kú ìdúró o. Lẹ́tà kẹta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, torí òun nìkan ló ṣì wà níkàáwọ́ yín nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀.

Nígbà mìíràn portal máa ń pẹ́ kó tó sọ òótọ́. Lẹ́tà tí wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ tààrà sí ẹ̀ka lè ti dé, kí ẹnikẹ́ni má tíì so ó mọ́ fáìlì yín. Àmọ́ ẹ má gbára lé ìyẹn. Lónìí, ẹ kọ ímeèlì sí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD, tí wọ́n ń pè ní graduate coordinator. Ẹ má kọ ọ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìlà mẹ́rin ti tó: orúkọ yín bó ṣe wà lórí fọ́ọ̀mù, nọ́ńbà fọ́ọ̀mù yín, orúkọ ẹni tó yẹ kó kọ lẹ́tà, àti ìbéèrè kan, pé ṣé lẹ́tà náà ti dé, bí kò bá sì tíì dé, ṣé wọ́n ṣì lè gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ orí portal, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń rán ẹni náà létí, kẹ́ ẹ sì fi ímeèlì tiyín sọ fún un pé kó wo spam, torí ibẹ̀ ni ìránlétí wọ̀nyẹn máa ń há sí. Ìgbìmọ̀ kan lè ka fáìlì tó ní lẹ́tà 2, òmíràn ò ní ṣí i rárá.

Ní ti àwọn tó dákẹ́, ẹ wo ọ̀nà tí fáìlì ń gbà kọjá. Graduate School, ọ́fíìsì yunifásítì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé: owó fọ́ọ̀mù, transcript (àkọsílẹ̀ máàkì yín), èsì ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó bá kàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ń dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka, ìyẹn ọ̀jọ̀gbọ́n mélòó kan tí wọ́n ṣì ń kọ́ni ní kíláàsì nígbà kan náà. Nígbà àkọ́kà, statement (àlàyé tẹ́ ẹ kọ nípa ara yín àti ìwádìí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe), transcript àti lẹ́tà ni wọ́n ń tẹjú mọ́ jù, wọ́n á sì fi ìyẹn dín fáìlì kù. Ó dìgbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n tó fara balẹ̀ ka writing sample, àpilẹ̀kọ ojú ewé 15 sí 25 tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ yẹn. Wọ́n sábà máa ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ abala náà dunjú pé kó wá kà á, kódà bí kò sí nínú ìgbìmọ̀.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń le. Ẹ̀ka tó ní àyè 6 péré ò ní kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlú kan náà àti àkókò kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ní akẹ́kọ̀ọ́ 4 lọ́wọ́ lè ní òun ò gba ẹnì kankan lọ́dún yìí. Èyí tó fẹ́ fẹ̀yìn tì lè sọ bẹ́ẹ̀ náà. Fáìlì tó dáa gan-an lè bọ́ síbẹ̀ láìní àléébù kankan.

Bí wọ́n bá to orúkọ tán, dean, ìyẹn ọ̀gá fakọ́tì, á fọwọ́ sí i kí lẹ́tà tó jáde. Ìdí nìyẹn tí olùdarí ẹ̀kọ́ PhD fi lè kọ ímeèlì ìkíni séèyàn lónìí, kí portal ẹni náà ṣì máa sọ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko pé wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Èsì rere sábà máa ń jáde láti ìparí January títí dé àárín March. Ìkọ̀sílẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn, ó sì lè wọ April, torí ẹ̀ka kì í fẹ́ tú àwọn tó ń dúró ká kó tó mọ iye tó máa wá nínú àwọn tó ti pè. February 17 ṣì yá jù láti ka ìdákẹ́ sí nǹkan kan. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ gbọ́ pé ẹlòmíì ti rí èsì ní ẹ̀ka kan náà, ẹ bi í pé abala wo ló kọ̀wé sí. Wọ́n lè ti parí ti ìtàn Amẹ́ríkà kí wọ́n má tíì dé orí ti Éṣíà.

Lérò tèmi, ẹ má kọ̀wé sí wọn kó tó di March 15. Ìgbà kan ṣoṣo tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú ni tí yunifásítì míì bá ti gbà yín, tó sì dá ọjọ́ ìdáhùn fún yín. Ẹ sọ ọjọ́ náà fún wọn nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Ìdí tó múná dóko nìyẹn, wọn ò ní bínú sí i.

Gègé

Ẹ jẹ́ n mú ti waitlist.

Kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ tí wọ́n fi oyin pa lára. Ẹ̀ka mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn tóun gbà máa gba ibòmíì lọ, inú waitlist ni wọ́n sì ti máa mú ẹni tó máa dí àyè náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ìlà náà kì í sábà jẹ́ 1, 2, 3 lọ títí. Abala-abala ni ẹ̀ka púpọ̀ ń tò ó. Bí ẹni tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn Éṣíà bá kọ̀ wọ́n, ẹni tó wà ní abala yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Torí náà, ẹ bi olùdarí ẹ̀kọ́ PhD pé: báwo ni wọ́n ṣe to waitlist náà? Ìgbà wo ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn látinú rẹ̀? Ṣé owó tí wọ́n máa fún ẹni tí wọ́n bá pè dọ́gba pẹ̀lú tàwọn yòókù? Ó lè máà dáhùn gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò sí àrífín nínú bíbéèrè.

Inú ímeèlì yẹn náà ni kẹ́ ẹ ti sọ pé ẹ ṣì ń fẹ́ àyè náà. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ibẹ̀ lẹ máa lọ tí wọ́n bá pè yín, ẹ sọ ọ́ kedere. Gbólóhùn yẹn wúlò gan-an lójú ẹni tó ń wá bó ṣe máa dí àyè ní April 13. Ṣùgbọ́n ibì kan péré lẹ lè sọ ọ́ sí o, torí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní abala kan náà mọra wọn. Bí ohun tuntun bá wà, ẹ fi kún un: àpilẹ̀kọ tí jọ́nà kan ti gbà, èsì ìdánwò èdè, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Ẹ má fi writing sample tuntun ránṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n béèrè. Ímeèlì kan báyìí, òmíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ April, ó tán.

April 15 ni ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ so kọ́. Council of Graduate Schools, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tó ń kọ́ni lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, ní àdéhùn kan tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà fọwọ́ sí, pé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fún lówó ìrànwọ́ kò ní láti fèsì ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí waitlist fi máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ bí omi inú àmù, tó wá ń ru sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan. Láti April 10 títí dé 16, ẹ má jìnnà sí fóònù àti ímeèlì yín. Wọ́n lè fún yín ní ọjọ́ kan péré láti dáhùn, torí náà ẹ ti pinnu sílẹ̀.

Bákan náà, gbàrà tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ò ní lọ síbì kan tó gbà yín, ẹ kọ̀wé kọ̀ ọ́. Ẹlòmíì wà tó ń dúró de àyè yẹn bẹ́ẹ̀ náà.

OjúEwé42

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Gègé, àmọ́ ẹ jẹ́ ká tún ibì kan ṣe kó má baà ṣì yín lọ́nà. Owó ìrànwọ́ ni àdéhùn April 15 yẹn dá lé: fellowship (owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún èèyàn láìbéèrè iṣẹ́), assistantship (owó tí èèyàn ń fi iṣẹ́ bíi kíkọ́ni gbà) àti irú wọn. Àyè Master's tí kò sówó nídìí rẹ̀ ò sí lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fèsì ní March, kẹ́ ẹ sì san owó àsansílẹ̀ tí wọn kì í dá pa dà. Ẹ tún lẹ́tà yẹn kà lónìí, ẹ wo ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀.

Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó jẹ gbèsè nítorí Master's nínú humanities. Lọ́pọ̀ ibi, owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kan lè ju $50,000 lọ, láìtíì ka ilé àti oúnjẹ. PhD tó ní owó nídìí, ní tiẹ̀, máa ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, á tún máa fún un ní owó ìgbọ́bùkátà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè dín owó kù, kẹ́ ẹ sì béèrè iye àwọn tó jáde níbẹ̀ tó wọ PhD tó lówó lọ́dún 3 tó kọjá. Ẹ wo gígùn rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ ọdún kan, September lẹ máa bẹ̀rẹ̀, gbèdéke PhD tún dé ní December. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa kọ lẹ́tà fún yín ò ní tíì mọ̀ yín ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 lọ. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í lágbára.

Tí èsì PhD bá wá dé, ẹ má jẹ́ kí iye owó tó wà lókè lẹ́tà dá yín dúró, ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀. $30,000 fún oṣù 9 kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú $30,000 fún oṣù 12. Ti àkọ́kọ́ ju $3,300 lọ lóṣù, àmọ́ oṣù 3 wà níwájú tẹ́nì kankan ò ní san nǹkan kan, àfi tí owó ìgbà ooru bá wà lọ́tọ̀. Ti èkejì jẹ́ $2,500 lóṣù, kò sì ní dáwọ́ dúró. Ẹ wo iye ọdún tí wọ́n ṣèlérí: 5 ló wọ́pọ̀, PhD humanities sì sábà máa ń ju ọdún 5 lọ, torí náà ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹfà. Ọdún wo lẹ máa kọ́ni, ọdún wo lẹ ò ní kọ́ni? Ta ló ń san ìbánigbófò ìlera? Ṣé àwọn owó wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí yunifásítì ń gbà ní sáà kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀?

Ẹni tó máa lo físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ní tiẹ̀ láti gbé yẹ̀ wò. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ló lè fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń lọ, inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ sì ni. Owó fellowship tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé, ìjọba sábà máa ń yọ 14% nínú rẹ̀ fún owó orí, àyàfi tí àdéhùn owó orí bá wà láàárín orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti Amẹ́ríkà. Owó SEVIS, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, náà jẹ́ $350, kó tó kan ti físà fúnra rẹ̀.

Ní ti ibi tó kọ̀ yín, ẹ má gbé e lé writing sample yín lórí láìwádìí. Iye àyè máa ń yí pa dà. Ní 2020, nígbà àrùn COVID-19, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka humanities dá gbígba akẹ́kọ̀ọ́ PhD dúró fún ọdún kan. Boston University náà dá a dúró ní àwọn ẹ̀ka kan nínú humanities fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025–26. Ibi tí kò tiẹ̀ dá a dúró lè dín àyè 8 kù sí 4 láìkéde rẹ̀ fẹ́nì kankan.

ÌwéÀtijọ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Graduate coordinator ti dáhùn: lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ wọn láti January, wọ́n ti so ó mọ́ fáìlì báyìí. Mo tún ti wo lẹ́tà Master's, March 10 ni wọ́n fẹ́ ìdáhùn. Ohun kan ló tún yọjú: ọ̀kan nínú àwọn tó dákẹ́ pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí Zoom, ìṣẹ́jú 20, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni wọ́n máa ń béèrè?

ÀkàỌ̀rọ̀

Ẹ kú oríire ti lẹ́tà. Ẹ̀ka tó ń pe èèyàn fún Zoom ti dín fáìlì kù, ẹ sì ti wà nínú àwọn tó ṣẹ́ kù. Àmọ́ ẹ má wá rò pé àwọn tí kò pè yín ti gbé yín jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ẹ̀ka púpọ̀ kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rárá.

Ìṣẹ́jú 20 kéré gan-an. Tí ọ̀jọ̀gbọ́n 3 bá jókòó, ìbéèrè bíi 5 tàbí 6 ló máa wọnú rẹ̀, torí náà kí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí yín fún ẹni tí kò sí ní abala yín. Ẹ fi ohùn gbé e jáde lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fi aago kà á. Wọ́n á béèrè ibi tí àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tẹ́ ẹ máa lò wà, àti èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Ibí yìí ló ti máa ń wọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n mọ ìbéèrè wọn, wọn ò mọ àpótí tí ìdáhùn wà. Ẹ mọ orúkọ ilé àkójọ ìwé kan ó kéré tán, àti ohun tẹ́ ẹ retí láti rí níbẹ̀. Tí èdè kan bá kù tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́, ẹ sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa kọ́ ọ.

Ẹ tún writing sample yín kà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó ti lé ní oṣù méjì tẹ́ ẹ ti fi í ránṣẹ́, wọ́n sì lè tọ́ka sí ojú ewé 11 pé kí lẹ ní lọ́kàn níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí ibi tí kò lágbára, ẹ má jà á níyàn. Ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe. Ohun tí wọ́n fẹ́ wò ni bẹ́ ẹ ṣe ń ronú nígbà tẹ́nì kan bá ta kò yín, torí ìyẹn ni sẹminá máa jẹ́ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ mú ìbéèrè 2 tiyín dání. Ẹ má bi wọ́n ní ohun tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn. Ẹ lè béèrè bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ṣe ń yan alábòójútó, àti bóyá owó wà fún ìrìn àjò lọ síbi tí ìwé àkọsílẹ̀ wà. Tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá já lójijì, ẹ ti ní ímeèlì coordinator lórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.