Ṣé òwò ni ká pè é? Lórí "òwò àgbáyé", "ìmúnisìn" àti kọ́ńpìnnì tó ní ọmọ ogun

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ ká máa lò. Àbúrò wa kan ní ká máa pe gbogbo ohun tí àwọn ará Yúróòpù ṣe lórí òkun láti nǹkan bí 1500 ní "òwò àgbáyé". Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n fèsì ní rárá o, "ìmúnisìn" ló ń jẹ́ látòkè délẹ̀, pé ẹni tó bá pè é ní òwò ń bá olè bo àṣírí. Mo ka ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, n kò sì lè gbè sẹ́yìn ọ̀kankan tán.

Ẹ jẹ́ ká mú ibì kan ká fi dán an wò: àwọn erékùṣù Banda, ní ìlà-oòrùn Indonéṣíà. Láyé ìgbà náà, kò síbòmíràn lágbàáyé tí igi nọ́tímẹ́ẹ̀gì ti ń so. (Èròjà oúnjẹ ni èso rẹ̀. Kì í ṣe ehuru tí wọ́n ń tà lọ́jà wa o, igi méjèèjì yàtọ̀.) Ilẹ̀ wọn kò pèsè oúnjẹ tó, torí náà wọ́n ń fi nọ́tímẹ́ẹ̀gì gba ìrẹsì àti aṣọ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń ti Jáfà àti ibòmíràn wá. Òwò nìyẹn, kò ní àríyànjiyàn nínú. Olóko lè ní "n kò tà", ọlọ́kọ̀ náà lè ní "n kò rà", kálukú á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tó yá ni kọ́ńpìnnì àwọn ará Họ́láǹdì dé, èyí tí wọ́n ń pè ní VOC. 1602 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìjọba wọn fún un ní ìwé àṣẹ pé kó máa kọ́ odi, kó máa kó ọmọ ogun jọ, kó sì máa bá àwọn ọba ilẹ̀ òkèèrè ṣe àdéhùn. Ohun tó ń wá ní Banda ni pé kí wọ́n má ta nọ́tímẹ́ẹ̀gì fún ẹlòmíràn mọ́. Àwọn olórí kan tọwọ́ bọ̀wé, ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò dúró. Báwo ni ì bá ṣe dúró, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń gbé ìrẹsì wá gan-an ni wọ́n ní kí wọ́n lé lọ? Ní 1621, Jan Pieterszoon Coen, ọ̀gá àgbà kọ́ńpìnnì náà ní Éṣíà, kó ọkọ̀ ogun lọ bá wọn. Wọ́n bẹ́ àwọn olórí ìlú lórí, ebi pa àwọn tó sá gun òkè, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lẹ́rú lọ sí Batavia, tó ń jẹ́ Jakarta lónìí. Nínú nǹkan bí 15,000 èèyàn tí àwọn òpìtàn fojú bù, bóyá ni 1,000 fi ṣẹ́kù. Kọ́ńpìnnì pín oko wọn fún àwọn òyìnbó, ó sì kó ẹrú wá láti ibòmíràn pé kí wọ́n máa ro ó.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n wa ti ń tiro lójú tèmi. Ẹni tó máa múni sìn, ó ní láti dá ẹni náà sí. Àwọn tí wọ́n pa ní Banda, ta ni wọ́n sìn? "Ìmúnisìn" bá Nàìjíríà lẹ́yìn 1914 mu: ajẹ́lẹ̀ wà, owó orí wà, kọ́ọ̀tù wà. Bí a bá fi orúkọ kan náà pe 1621, ọmọ ilé-ìwé á rò pé owó orí làwọn ará Banda lọ ń san.

"Òwò àgbáyé" ní ibi tó yẹ ẹ́. Ní 1571, àwọn ará Sípéènì gba Manila ní Philippines, wọ́n sì sọ ọ́ di ìlú tiwọn, fàdákà Potosí, tó wà ní Bolivia òde òní, bẹ̀rẹ̀ sí í ti Acapulco ní Mẹ́síkò wọ Éṣíà, àwọn ará Ṣáínà sì ń kó sẹ́ẹ̀dà wá pàdé rẹ̀. Ìdúnàádúrà wà níbẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀ náà, ní 1603 àwọn ará Sípéènì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Ṣáínà ní Manila, torí náà kí àbúrò wa má fi orúkọ yẹn ṣe ìpara.

Fún ti Banda, àbá tèmi ni "òwò àfìbọnṣe", ìyẹn òwò tí wọ́n ń fi ìbọn ṣe. Ojú òwò ló wà lára rẹ̀, ìwé ìṣirò wà, èrè wà, àmọ́ ẹnì kan kò lè ní "n kò tà". "Àdánìkàntà" tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ kò tó o. Ní Amsterdam, adánìkàntà ni kọ́ńpìnnì yìí lóòótọ́. Ní Banda, adánìkànrà ni, ibẹ̀ ló sì ti ń jèrè. Kódà ó ń hú igi kànáfùrù ní erékùṣù mìíràn kí ọjà má bàa pọ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Ọ̀gá kan dábàá "kọ́ńpìnnì oníwèé-àṣẹ" fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta píọ̀ wọ́tà náà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAFDAC. "Kọ́ńpìnnì ológun" ni mo fara mọ́. Ẹ má sì rò pé ti Éṣíà nìkan ni. Royal Niger Company, kọ́ńpìnnì Gẹ̀ẹ́sì tí George Goldie dá sílẹ̀ lódò Ọya, gba ìwé àṣẹ ní 1886, ó ní ọlọ́pàá tirẹ̀, ó sì dí ọ̀nà epo pupa mọ́ àwọn ará Nembe ní Niger Delta títí wọ́n fi kọlu Akassa, ibùdó kọ́ńpìnnì náà, ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1895. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lọ sun Nembe lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gba ìwé àṣẹ náà padà, £865,000 ló san fún kọ́ńpìnnì. Ìgbà yẹn ni ìmúnisìn tí Ẹ̀gbọ́n wa ń wí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní agbègbè tí kọ́ńpìnnì náà ń ṣàkóso.

Ó ku ohun kan tí mo mọ̀ pé yóò fa ìjà. Ẹnì kan ti ń sọ pé ká fi òwò ẹrú náà sábẹ́ "àfìbọnṣe". N kò gbà. Owó ẹyọ tí a fi ń ṣòwò nílẹ̀ wa, tí wọ́n sì fi ń ra ẹrú, láti Maldives, àwọn erékùṣù kan lórí òkun Íńdíà, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Ọkọ̀ àwọn ará Họ́láǹdì àti Gẹ̀ẹ́sì ń kó o gba Amsterdam àti London kọjá kó tó dé Ouidah, ìlú etíkun ní ilẹ̀ Benin òde òní. Ọ̀kẹ́ kan tí a ń kà, 20,000, àpò owó ẹyọ ni. Ní Ouidah, àwọn tó ń ta ẹrú ń ná ọjà gan-an. Wọ́n lè ní ẹyọ làwọn ń fẹ́, kì í ṣe aṣọ. Lẹ́yìn tí Dahomey sì gba ìlú náà ní 1727, ìránṣẹ́ ọba ló ń bójú tó o. Ẹni tí wọ́n fipá mú kì í ṣe òǹtajà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òǹrajà. Bí a bá kó ìyẹn sábẹ́ "àfìbọnṣe", a ti yọ àwọn tó tà á kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ "òwò ẹrú" bó ṣe ń jẹ́.