Gíráǹtì ìjọba Jámánì fún ẹgbẹ́ kòkó wa: ṣé ká fọwọ́ síwèé àbí ká dúró?

Akọ̀wé_Ìdànrè
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóko kòkó kan nítòsí Ìdànrè níbí. Kọ́ńpìnì kan láti Hamburg ti wá bá wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ ká jọ ṣe prójẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún mẹ́ta, wọ́n á kọ́ àwọn àgbẹ̀ wa bí wọ́n ṣe ń bo kòkó sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó pé dáadáa kó tó di sísá, wọ́n á ya máàpù oko kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣe ibi ìsákòkó olórùlé ọ̀rá ká yéé sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọlọ́dà, wọ́n ní ìjọba Jámánì ló máa gbówó ẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní develoPPP. Inú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ń dùn, àwọn kan ti ń ṣírò iye tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́, ojú ewé méjì péré ni, wọ́n sì ní ká fọwọ́ sí i kí oṣù yìí tó parí. Ṣé ọ̀fẹ́ lowó yìí lóòótọ́? Ṣé àwa fúnra wa ò lè lọ gbà á ni? Kí ló yẹ ká bi wọ́n ká tó fọwọ́ sí nǹkan kan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí ni kó dá mi lóhùn.

Ìyá_Kajú
Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ètò yẹn wà lóòótọ́, kì í ṣe jìbìtì. Ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè òkè òkun, BMZ, ló dá a sílẹ̀ ní 1999, GIZ, àjọ ìjọba wọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè, àti DEG, báǹkì ìdàgbàsókè wọn, ló ń bá wọn bójú tó o. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fáwọn àgbà kí wọ́n má tíì pín nǹkan kan o. Ìjọba ò ní san ju ìdajì owó iṣẹ́ lọ, bó ti wù kó tó kò lè ju mílíọ̀nù méjì Yúrò, kọ́ńpìnì ló máa mú ìyókù wá. Kò sì sẹ́ni tí wọ́n ń pín in fún, iṣẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe, pẹ̀lú rìsíìtì.

Ní ti pé kẹ́ ẹ gbà á fúnra yín, ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé gbọ́dọ̀ máa pa tó 800,000 Yúrò wọlé lọ́dún, kó sì ní ìwé ìṣirò tí ọ́díítọ̀ ti yẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wo ló ní bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń di orí, àwa a di ìrù, kì í ṣe pé a ò mọṣẹ́.

Bájẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Èmi ti bá kọ́ńpìnì Yúróòpù kan ṣe ti kajú rí, nígbà tá a máa rí bájẹ́ẹ̀tì, owó ọkọ̀ òfúrufú àti hòtẹ́ẹ̀lì àti owó oṣù àwọn èèyàn wọn ló kún inú ẹ̀, ìdajì tí wọ́n láwọn mú wá sì rèé, àkókò òṣìṣẹ́ tiwọn ni wọ́n kà sówó. Àwa ti fi ilẹ̀ sílẹ̀, a ti fi sitọ́ọ̀ sílẹ̀, wọn ò ka ìyẹn sí rárá. Nígbà tí prójẹ́ẹ̀tì parí, ẹ̀rọ tá a fi ń fọ́ kajú, orúkọ wọn ló wà nínú ìwé, wọ́n bá gbé e lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọmọ_Oǹdó_Bremen
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ máàpù yẹn o. Òfin EU kan wà, 2023/1115, tó ní kòkó tó bá jáde látinú oko tí wọ́n pagbó dá lẹ́yìn 31 December 2020 kò gbọ́dọ̀ wọ Yúróòpù, ẹni tó ń kó o wọlé ló gbọ́dọ̀ fi GPS oko hàn. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2024, wọ́n sún un, wọ́n tún sún un sí ìparí 2026 fáwọn kọ́ńpìnì ńlá. Ìyẹn ni pé ẹrù tiwọn ni máàpù, kì í ṣe àánú tí wọ́n ṣe yín. develoPPP fúnra ẹ̀ sì ní ohun tí òfin bá ti ní kí kọ́ńpìnì ṣe tẹ́lẹ̀, owó ìjọba ò sí fún un, ẹ bi wọ́n báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é.

Oko tí ò bá tó héktà mẹ́rin, ojú GPS kan péré ti tó fún un, èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, gbogbo ààlà ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ yà, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń fi rìn ín yí ká pẹ̀lú fóònù, igun dé igun. Ọmọ ẹgbẹ́ yín ló máa rìn ín. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹgbẹ́ á ní ẹ̀dà tirẹ̀, torí bí wọ́n bá dá nìkan mú un, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta kòkó fún ẹlòmíì, ọ̀tun lẹ máa bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí_Brussels
Jámánì nìkan kọ́ o. Bẹ́ljíọ̀mù náà ti ní ètò irú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BPF, King Baudouin Foundation ló ń bójú tó o, 50,000 sí 200,000 Yúrò, kì í ju ìdajì owó iṣẹ́ lọ, ẹ kàn wò ó bóyá wọ́n ṣì ń gbàwé. Finland ní Finnpartnership, ètò tó ń so kọ́ńpìnì wọn pọ̀ mọ́ àwọn bíi tiwa, ẹ lè gbé ohun tẹ́ ẹ ń wá síbẹ̀ kí wọ́n bá yín wá pátínà, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó fọ́ọ̀mù, olè ni.

Akọ̀wé_Ìdànrè
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Mo ti bi wọ́n lórí bájẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àṣírí kọ́ńpìnì ni. Mo tún rí i nínú ìwé wọn pé ọdún márùn-ún gbáko la ò fi gbọ́dọ̀ tà fẹ́lòmíì. Ìyá Kajú, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn mà?

Ìyá_Kajú
Rárá o. Tí wọn ò bá lè fi gbogbo ẹ̀ hàn yín, kí wọ́n fi ìlà tó kan Ìdànrè hàn: iye tó ń lọ sórí ibi ìsákòkó, iye àwọn tó ń kọ́ àgbẹ̀, ta ló ni ohun èlò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ọdún márùn-ún yẹn, ẹ má gbà á láìjẹ́ pé wọ́n kọ iye tí wọ́n máa fi lé orí owó ọjà sínú ìwé, kó sì jẹ́ pé tí wọn ò bá rà á láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lómìnira láti tà á. Ẹ fi ímeèlì béèrè, kì í ṣe lórí fóònù, kẹ́ ẹ sì kó o han lọ́yà kẹ́nikẹ́ni tó mú bírò. Ìdíje làwọn kọ́ńpìnì fi ń wá owó develoPPP, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, tẹ́ ẹ bá pàdánù ti oṣù yìí, òmíì ń bọ̀.