Ẹlẹ́rìí kò lówó ọkọ̀: ṣé kí lọ́yà ìjọba máa yọ ọ́ lápò ara rẹ̀?

Orúkọ pamọ́, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Admin, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́.

Lọ́yà ìjọba ni mí níbí ní Òṣogbo. Mi ò sí lára àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, mi ò sì tíì di ọ̀gá. Àwa tó wà láàárín yìí gan-an ni fáìlì máa ń já lé lórí. Ọ̀gá á buwọ́ lù ú, ọmọdé ò tíì lè dá dúró níwájú adájọ́ lórí ẹjọ́ ìdigunjalè, ó di tèmi nìyẹn.

Ẹjọ́ tó gbé mi wá: àwọn kan fọ́ ilé ìyá àgbà kan lóru ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkìrun, wọ́n ṣá a lórí, wọ́n kó owó èlùbọ́ rẹ̀ lọ. Ìyá rí ojú ọ̀kan nínú wọn, ọmọ àdúgbò ni. Ọmọkùnrin náà wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà, ẹjọ́ ti wà ní ilé-ẹjọ́ gíga. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí ẹjọ́ bá kàn ni nǹkan máa ń yọ. Wọ́n ti gbé ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí lọ sí òkè Ọya. Dókítà tó rán orí ìyá ti japa. Tí mo bá pe ìyá fúnra rẹ̀, á ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ ọjà ni wọ́n tún mú yẹn o. Owó ọkọ̀ ń kọ́?"

Owó tó yẹ kó wà fún ẹlẹ́rìí kì í tètè jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba mọ ohun tí mò ń sọ. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í san án fúnra mi: ọ̀kadà láti abúlé dé Ìkìrun, mọ́tò dé Òṣogbo, kọ́rọ̀pẹ̀ láti gáréèjì dé kóòtù, oúnjẹ ọ̀sán lórí rẹ̀. Fáìlì yìí nìkan sì kọ́. Ọkọ mi ti ń bi mí bóyá èmi ni gómìnà.

Adájọ́ ti wá kìlọ̀ pé bí ẹlẹ́rìí ò bá wá lọ́jọ́ tó ń bọ̀, òun á da ẹjọ́ náà nù. Ṣé kí n máa san án lọ? Ṣé wọn ò ní sọ lọ́jọ́ kan pé mo ra ẹlẹ́rìí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Àǹtí, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ jàre! Ẹ máa gba ẹjọ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀ Òṣogbo tí wọ́n ń tà fún ẹni méjì méjì yìí, owó ńlá wà níbẹ̀.

Bàbá Ìgbóǹnà

@Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, o fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa ṣe òwò tàbí iṣẹ́ àdáni lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda. Tó bá fẹ́ owó àfikún, kó lọ gbin ẹ̀gẹ́.

Agbẹjọ́rò Òde

Èmi ni ẹ máa ń bá pàdé lápá kejì, torí olùjẹ́jọ́ ni mo máa ń dúró fún. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí màá ṣe lo owó ọkọ̀ yẹn. Màá rọra bi ìyá: "Màmá, ta ló san owó ọkọ̀ yín?" "Lọ́yà ìjọba ni." "Ṣé ó ra oúnjẹ fún yín?" "Ó ra ìrẹsì, ó fi ẹran méjì sí i." Gbogbo kóòtù á rẹ́rìn-ín, èmi á jókòó bí ẹni tó ti jàre.

Àmọ́ ẹ̀rín lásán ni. Ìlànà ìwà àwa lọ́yà kò sọ pé kí ẹ má san owó ọkọ̀ ẹlẹ́rìí. Ohun tó kọ̀ ni kí owó so mọ́ ohun tí ẹlẹ́rìí máa sọ. Owó ọkọ̀, oúnjẹ, owó ọjọ́ iṣẹ́ tó pàdánù, tó bá ti mọ níwọ̀n, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 pàápàá sọ pé ẹlẹ́rìí ìjọba ní ẹ̀tọ́ sí owó ìnáwó tó bójú mu. Èyí tó lè kó bá yín ni owó tí kò sí lákọsílẹ̀. Ẹ kọ iye sílẹ̀, kí ìyá tẹ̀ka sí i. Ohun kejì (ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o): ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í nípa owó náà, kí n tó dìde. Ọ̀rọ̀ á bọ́ lẹ́nu mi.

Ìyá Tọ́pẹ́

Ẹ̀yin lọ́yà, ọ̀rọ̀ yín pọ̀. Ọmọ yẹn ti pẹ́ lẹ́wọ̀n, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìyá ò kú.

Orúkọ pamọ́

Ẹ̀yin ìyá mi, ó dùn mí náà. A kò tíì dá a lẹ́bi, òfin sì ka á sí aláìṣẹ̀ títí di ìgbà náà. Ìdí tí mo fi ń sáré nìyẹn. Àmọ́ ìyá tí wọ́n ṣá yẹn ń rí ilé ọmọ náà lójoojúmọ́ tó bá ń lọ sọ́jà.

Bàbá Ìgbóǹnà

Mo ṣe iṣẹ́ tí o ń ṣe yìí títí mo fi fẹ̀yìntì, ọmọ mi, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Kí lo fẹ́ fi dókítà àti ọlọ́pàá yẹn ṣe? Nǹkan mẹ́ta ni ìjọba ní láti fi múlẹ̀ nínú ẹjọ́ ìdigunjalè: pé wọ́n jalè, pé ohun ìjà wà lọ́wọ́ wọn, pé olùjẹ́jọ́ wà nínú wọn. Ìyá lè sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin ẹ̀rí ti 2011 kò ka iye ẹlẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni lórí irú ẹjọ́ yìí. Ẹyọ kan tí adájọ́ bá gbà gbọ́ ti tó. Mú ìyá síwájú, kí àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Tí o bá sì nílò ìwé dókítà, wá ẹlòmíràn ní ilé ìwòsàn náà tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀.

Ohun tí èmi ń bẹ̀rù yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Òru ni. Iná wo ni ìyá fi rí ojú? Ṣé ó dárúkọ ọmọ náà fún ọlọ́pàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àbí ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n mú un ló tó dárúkọ? Ikú ni òfin ìdigunjalè gbé dání. Tí ìdáhùn méjèèjì yìí bá mẹ́hẹ, má fi ọkọ̀ gbé ẹnikẹ́ni; kọ èrò rẹ sí ọ̀gá rẹ.

Orúkọ pamọ́

Ẹ ṣé gan-an, sà. Fìtílà ń jó lórí tábìlì, ó wà nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní téṣàn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, orúkọ ọmọ náà sì wà níbẹ̀.

Bàbá Ìgbóǹnà

Ó dáa. Ẹjọ́ wà níbẹ̀ nìyẹn. Kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ lónìí, béèrè owó ẹlẹ́rìí, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fáìlì. Bí adájọ́ bá tilẹ̀ da ẹjọ́ nù láìgbọ́ ẹ̀rí, ìtúsílẹ̀ ni, kì í ṣe ìdáláre. Ìjọba ṣì lè tún un gbé wá. Àmọ́ má jẹ́ kó débẹ̀.

Rẹ́jísírà Àná

Gbogbo yín ń sọ òfin, kò sẹ́ni tó sọ ti ọjà. Kàlẹ́ńdà ọlọ́jọ́ méje ló máa ń wà níwájú wa ní kóòtù tí a bá ń mú ọjọ́. Ọjà oko kò mọ ìyẹn, ọ̀rọọ̀rún ni púpọ̀ nínú wọn ń ná. Èyí tó bá ná ní Mọ́ńdè, Fúráìdè ló tún kàn, lẹ́yìn ìyẹn Túsìdeè, lẹ́yìn ìyẹn Sátidé. Ẹlẹ́lùbọ́ tó bá pa ọjọ́ ọjà jẹ, gbèsè ló ń wọ̀. Mo ti rí ẹjọ́ tó wó nítorí èyí, tí lọ́yà rò pé wọ́n ti ra ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ òun.

Àǹtí, ẹ pe ìyá, kí ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni ọjà rẹ̀ ná kẹ́yìn, kí ẹ kà á síwájú. Tó bá ṣe kòńgẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú, ẹ tètè kọ̀wé sí rẹ́jísírà kóòtù yẹn, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́, kí ẹ tọrọ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọjọ́ tó ṣáájú, mo tún un sọ. Adájọ́ tó ń bínú kì í bá ẹni tó ń sáré síwájú jà.

Orúkọ pamọ́

Mo ti pè é báyìí. Àná ló ná. Mo kà á... ọjọ́ ẹjọ́ bọ́ sí ọjọ́ ọjà gééré.

Agbẹjọ́rò Òde

Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nínú ẹjọ́ yẹn, mi ò ní ta kò yín. Oníbàárà tó wà lẹ́wọ̀n náà fẹ́ kó yá.

Rẹ́jísírà Àná

Ẹ kọ ìwé náà lálẹ́ yìí. Ẹ gbé e dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, torí tí kóòtù bá ti wọ ìsinmi ọdọọdún, oṣù mìíràn lẹ máa gbà.