Ṣé ìlù tó ń sọ̀rọ̀ wọnú ìpín tí Rajewsky là sílẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Orí kejì iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé mi ló há. Irina Rajewsky, ará Jámánì tó kọ̀wé ní 2002 lórí bí ọ̀nà iṣẹ́ ọnà kan ṣe ń wọnú òmíràn, pín ọ̀rọ̀ náà sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ kúrò ní ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn, bí Ogunde ṣe sọ eré orí ìtàgé *Aiyé* di sinimá ní 1979. Èkejì, kí ọ̀nà méjì pàdé, bíi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ nínú *Atọ́ka*, ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò sọ ìtàn eré. Ìwọ̀nyí ò yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀kẹta ni: kó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó máa ṣe bí ẹni pé òmíràn ni. Onídùndún fún ọṣán mọ́ abẹ́ apá, ó fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ, oríkì bàbá mi jáde, ọwọ́ bàbá mi ti wọ àpò. Kò sẹ́ni tó lanu! Ṣé "bí ẹni pé" náà nìyẹn? Alábòójútó mi ní kí n fi síbẹ̀ kí n máa lọ.

Ọmọ Mẹ́síọ̀gọ̀: Fi síbẹ̀ lóòótọ́, àbúrò. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ilẹ̀ àti bí ìró ṣe gùn tó nìkan ni ìlù ní. Kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ìlù tí rédíò fi ń pe orúkọ ara rẹ̀ láyé ijọ́sí, "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ní ó jọyè?" la gbọ́ ọ sí nílé wa. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gan-an ni, ṣé a ó ṣì í gbọ́ báyẹn?

Àyàn Òṣogbo: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ti rédíò wé tiwa. Gbólóhùn òyìnbó ni wọ́n lù yẹn, ta ló mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Bí mo bá ń ki èèyàn, gbólóhùn tó ti wà létí ará ilé ni mò ń fà yọ, màá sì lù ú gùn kí etí lè rí i mú. Olùgbọ́ ló ń bá mi parí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Lọ́ńdọ̀nù: Ohun tí Àyàn sọ yìí gan-an ni kò sí nínú ìpín mẹ́ta yẹn: olùgbọ́. Àmọ́ má tíì lé Rajewsky jáde o. Ní 2010 ó kọ ọ́ pé àdéhùn àwọn èèyàn ló ń pààlà sáàárín ọ̀nà kan àti èkejì. Ibẹ̀ ni kó o ti mú un. Àdéhùn ta ni? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ni ìlù wà. Fi Lars Elleström, onímọ̀ mìíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, kún un, ìwé ọdún yẹn kan náà: ó ń wo ohun tí a fi ṣe nǹkan, ẹ̀yà ara tó ń gbà á, ààyè àti àkókò rẹ̀, àti bó ṣe ń ní ìtumọ̀. Ẹnu àti ìlù jọ ń lo etí, wọ́n jọ ń lo àkókò. Awọ àti ahọ́n ló yàtọ̀ níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ̀gbọ́n Àyàn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá gba ohùn yín sílẹ̀, kí n sì bi àwọn tó jókòó níbẹ̀ léèrè ohun tí oníkálukú gbọ́?