Nọ́ọ̀tì U-bolt tó ti dì pa: ká dá a padà àbí ká ra tuntun?

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. A ń tú áàsù ẹ̀yìn tírélà kan l'Óṣogbo níbí, nọ́ọ̀tì U-bolt ẹ̀ (bóòtù tó tẹ̀ bíi U, tó de áàsù mọ́ sípíríìnì) ti dógùn-ún débi pé sípánà ò mì í, la bá fi iná gáàsì sí i kó tó tú. Onímọ́tò wá ní ká dá U-bolt yẹn padà, owó ò sí. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Bàbá Tírélà: Àbúrò, ẹ má dán an wò! U-bolt tí wọ́n ti fún le rí ti nà, iná tún ti dín agbára irin ẹ̀ kù, tó bá lọ já lọ́nà Ìkìrun tòun tẹrù ńkọ́, áàsù á yẹ̀ lábẹ́ sípíríìnì. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà, tòun ti nọ́ọ̀tì ẹ̀.

Rẹwáyà: Ọ̀gá sọ ọ́ re. Bóòtù yòókù tí kì í ṣe U-bolt, tíná ò sì kàn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nù ún, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí nọ́ọ̀tì ẹ̀ dédìí, èyí tó bá ń há, ẹ sọ ọ́ nù. Tí nọ́ńbà agbára tí wọ́n kọ sórí ẹ̀ bá sì jẹ́ 10.9, ẹ má fi 8.8 rọ́pò ẹ̀ o, kò lágbára tó o.

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ ṣé gan-an, màá sọ fún un.

Bàbá Tírélà: Tó bá ti gbẹ́rù rìn díẹ̀, ẹ tún un fún o.