Plagiarism: kí ni ká máa pè é ní Yorùbá?

Mi ò fara mọ́ ọn pé kí a máa pe plagiarism, ìyẹn kí èèyàn gbé iṣẹ́ tàbí èrò ẹlòmíràn kalẹ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ ni, ní “olè ìwé”, bí àwọn kan nínú wa ti dábàá. Lóòótọ́, ó kúrú, ó sì rọrùn láti pè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ “olè ìwé” fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tó fi ìwé sábẹ́ aṣọ jáde nílé ìkàwé ni yóò rò. Bí olè bá sì jí nǹkan, olóhun kò ní í mọ́. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ní iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ní pípé. Kí wá ni wọ́n mú lọ? Orúkọ rẹ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Plagiarius ni wọ́n ń pe gbọ́mọgbọ́mọ, ẹni tó jí ọmọ ọlọ́mọ gbé láti sọ ọ́ di ẹrú, tàbí tó jí ẹrú ẹlẹ́rú. Ní ọ̀rúndún kìíní, akéwì Martial rí ẹnìkan tó ń ka ewì rẹ̀ fáyé gbọ́ bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Ó fi ewì náà wé ẹrú tí òun ti dá sílẹ̀, ó sì pe onítọ̀hún ní gbọ́mọgbọ́mọ. Ẹ wo bó ti bá a mu: ọmọ tí wọ́n gbé lọ ò kú, ó ṣì ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ orúkọ bàbá mìíràn ló ń jẹ́.

Ẹlòmíràn ní “ayédèrú” ti tó. Ó tì o, òdìkejì rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó ṣe ayédèrú ìwé kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó wá lẹ orúkọ ẹni tó gbajúmọ̀ mọ́ ọn kó lè tà. Èyí tí à ń sọ yìí, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni, orúkọ ara rẹ̀ ni ẹni tó gbé e lẹ̀ mọ́ ọn.

“Àdàkọ” ló sún mọ́ ọn jù, síbẹ̀ kò dé ibẹ̀. Bí mo bá fa ọ̀rọ̀ yọ, tí mo dárúkọ ẹni tó ni ín, àdàkọ ni, kò sí èrú níbẹ̀. Èèyàn sì lè jẹ̀bi láìda ohunkóhun kọ. Ká ní ẹnìkan kọ ọ́ pé, “Ìbẹ̀rù ni ìyá irọ́, ẹni tí kò bẹ̀rù kò nídìí láti parọ́.” Èmi wá kọ ọ́ pé, “Irọ́ kì í ṣàdédé wáyé. Àyà jíjá ló bí i, akínkanjú kì í ní ohun tó ń torí rẹ̀ purọ́.” Mo yí ọ̀rọ̀ padà, mo gbé iwájú sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èrò ẹni ẹlẹ́ni ni mo gbé, n ò sì dárúkọ rẹ̀.

Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé (copyright) náà yàtọ̀. Ẹni tó ti kú ní 300 ọdún sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni lè tẹ ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i ti tan òǹkàwé jẹ. Kódà bí oníṣẹ́ bá gbà, tó tún gbowó, akẹ́kọ̀ọ́ tó fi iṣẹ́ náà gboyè ṣì jẹ̀bi. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, Karl-Theodor zu Guttenberg fipò mínísítà ètò ààbò Jámánì sílẹ̀ lẹ́yìn tí Yunifásítì Bayreuth gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó kó ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn sínú ìwé tó fi gboyè láìdárúkọ wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Pál Schmitt, ààrẹ Húngárì, náà fipò sílẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ kan náà.

“Ìfiṣetẹni” ni mo fẹ́ ká gbà wọlé. Ẹni tó hùwà náà yóò jẹ́ afiṣetẹni, iṣẹ́ tó fi èrú sọ di tirẹ̀ yóò jẹ́ àfiṣetẹni. “Gbọ́mọgbọ́mọ ọ̀rọ̀” dùn létí mi gidigidi, ewì ló sì yẹ. Kò ṣeé kọ sínú òfin ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ti bi mí pé ṣé ẹni tó gba ilẹ̀ onílẹ̀ kì í ṣe afiṣetẹni? A ti ní ajagungbalẹ̀ fún ìyẹn. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà, ẹ kọ ọ́ ní gígùn nígbà àkọ́kọ́, ìfiṣẹ́-oníṣẹ́-ṣetẹni, kí ẹ tó máa gé e kúrú.